Ṣé Prosẹ́sọ̀ Ni Kí N Pààrọ̀? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Fẹ́ Gbá Géèmù Tuntun Lórí Kọ̀ǹpútà

Géèmù tuntun jáde, kọ̀ǹpútà tó ti ń ṣe dáadáa láti ọjọ́ yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, ni wọ́n bá sọ fún onítọ̀hún pé prosẹ́sọ̀ rẹ̀ (CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ti gbó. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Nígbà mìíràn, RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí) ni, tàbí GPU (ẹ̀yà tó ń ya àwòrán sójú mọ́nítọ̀), tàbí eruku lásán. Ohun kan ni gbogbo ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí dúró lé: ẹ wọn géèmù tí ẹ̀yin fúnra yín ń gbá, lórí kọ̀ǹpútà tiyín, kí ẹ tó yọ owó lápò.

Kí ni prosẹ́sọ̀ ń ṣe nínú géèmù, nígbà tó jẹ́ pé GPU ló ń ya àwòrán?

Kí GPU tó ya férémù kan (ọ̀kan nínú àwọn àwòrán tó ń tẹ̀ léra wọn lójú mọ́nítọ̀), prosẹ́sọ̀ gbọ́dọ̀ ti pinnu ohun tó wà nínú rẹ̀: ibi tí ènìyàn kọ̀ọ̀kan dúró sí, ibi tí bọ́ọ̀lù ń fò lọ, ohun tí ọ̀tá fẹ́ ṣe, ìlẹ̀kùn tó ṣí, ìró tó dún. Lẹ́yìn náà ló máa to àṣẹ ìyàwòrán sílẹ̀ fún GPU. Tí ẹ bá fẹ́ 60 férémù ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ parí láàárín mílísẹ́kọ́ǹdù 16.7. Tó bá jẹ́ 144 férémù, mílísẹ́kọ́ǹdù 6.9 péré ni. Èyí tó lọ́ra jù nínú prosẹ́sọ̀ àti GPU ló ń pinnu bí géèmù ṣe máa yára tó. Ìdí nìyí tí GPU olówó gọbọi fi lè jókòó tẹ́tẹ́rẹ́ máa dúró de prosẹ́sọ̀.

Géèmù 2018 àti 2019 ń lọ geere lọ́wọ́ mi. Kí ló dé tí ti 2023 sókè fi ń háǹgì?

Ẹ wo ẹ̀yìn díẹ̀. PlayStation 4 àti Xbox One jáde ní 2013 pẹ̀lú prosẹ́sọ̀ AMD Jaguar tí kò lágbára rárá. Ti PS4 ń sáré ní 1.6 GHz (GHz ni wọ́n fi ń wọn iyara prosẹ́sọ̀). Nítorí pé géèmù ńláńlá gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lórí wọn, àwọn tó ń ṣe géèmù ò lè di ẹrù púpọ̀ lé prosẹ́sọ̀ lórí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, prosẹ́sọ̀ Intel i5 oní core mẹ́rin (core ni ẹ̀yà tó ń ṣiṣẹ́ nínú prosẹ́sọ̀) ń gbé e láìlàágùn. Ní oṣù kọkànlá 2020, PS5 àti Xbox Series X dé pẹ̀lú core mẹ́jọ ti AMD Zen 2, ìran kan náà pẹ̀lú prosẹ́sọ̀ Ryzen 3000 fún kọ̀ǹpútà. Wọn ò pa PS4 tì lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá fi í sílẹ̀, ẹrù orí prosẹ́sọ̀ wúwo sí i lójijì.

Ẹ máa rí i nínú ohun tí géèmù ń béèrè. Nígbà tí Cyberpunk 2077 gba àtúnṣe 2.0 ní oṣù kẹsàn-án 2023, prosẹ́sọ̀ tó kéré jù tí wọ́n kọ síbẹ̀ di i7-6700 tàbí Ryzen 5 1600. Monster Hunter Wilds tó jáde ní oṣù kejì 2025 ń béèrè Ryzen 5 3600 tàbí i5-10400. Èyí tó kéré jù ni mo ń sọ o, kì í ṣe èyí tí wọ́n dámọ̀ràn.

Ibi tí èrò bá pọ̀ sí ni ìṣòro ti sábà máa ń yọjú. Baldur's Gate 3 lè máa sáré fún ọ̀pọ̀ wákàtí nínú igbó àti nínú ihò, kó wá dẹ́rù bà yín nígbà tí ẹ bá wọ ìlú ńlá ní apá kẹta. Nígbà tí Dragon's Dogma 2 jáde ní 2024 tí àwọn ènìyàn ń ráhùn pé ó ń lọ́ra láàárín ìlú, Capcom tó ṣe é fúnra wọn ṣàlàyé pé ènìyàn kọ̀ọ̀kan tó ń rìn káàkiri nínú géèmù náà ń gba púpọ̀ nínú agbára prosẹ́sọ̀. GPU tuntun ò lè gbà yín sílẹ̀ níbẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ dájú pé prosẹ́sọ̀ ló ń fà mí sẹ́yìn?

Ẹ gba MSI Afterburner àti RivaTuner sórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ ṣètò wọn kí wọ́n máa fi FPS (iye férémù ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ìdá ọgọ́rùn-ún tí GPU ń lò, ooru prosẹ́sọ̀ àti iye RAM tó ti kún hàn ní igun kan lójú mọ́nítọ̀. Ẹ pa V-Sync (sẹ́tíǹgì tó ń so férémù mọ́ iyara mọ́nítọ̀), ẹ sì yọ òpin èyíkéyìí tí ẹ bá ti fi sí FPS, torí tí òpin bá wà níbẹ̀, èsì náà á tàn yín jẹ.

Ẹ wá lọ sí ibi tó wúwo jù nínú géèmù náà. Kì í ṣe ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe yàrá kékeré tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ọjà tó kún fọ́fọ́, ojú ogun tí ọta ń fò lọ́tùn-ún lósì, tàbí kí ẹ wakọ̀ la àárín ìlú kọjá. Ẹ lo ìṣẹ́jú bíi mélòó kan níbẹ̀, kí ẹ máa wo GPU. Tó bá ń ṣiṣẹ́ ní 95 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún, GPU ló ti dé òpin agbára rẹ̀. Ẹ ò ní rí nǹkan kan gbà nínú prosẹ́sọ̀ tuntun. Tí GPU bá wà ní 60 tàbí 70, tí FPS sì lọ sílẹ̀, GPU ń dúró de ẹlòmíì nìyẹn, prosẹ́sọ̀ ló sì sábà máa ń jẹ́.

Ìdánwò kejì ni mo fọkàn tán jù, torí kò ṣeé ṣì kà. Ẹ dúró síbi kan náà, ẹ dín ìwọ̀n àwòrán kù láti 1080p sí 720p. Iṣẹ́ GPU ti fúyẹ́ gan-an báyìí, ṣùgbọ́n ti prosẹ́sọ̀ kò yí padà. Tí FPS bá fò sókè, GPU ni ìṣòro yín. Tó bá dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀, tàbí tó kàn sún díẹ̀, prosẹ́sọ̀ tàbí RAM ni.

Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ara yín pé FPS mélòó lẹ nílò. Ẹni tí mọ́nítọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60 Hz (tó ń yí àwòrán padà ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), tí prosẹ́sọ̀ rẹ̀ ń fún un ní 75 níbi tó wúwo jù, kò ní rí ìyàtọ̀ kankan lójú bó bá ra èyí tó lè ṣe 140.

Task Manager ní prosẹ́sọ̀ mi ń lo 40 péré nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣebí ìyẹn ni pé kò ní wàhálà?

Rárá o, àwọn ènìyàn tí nọ́ńbà yìí ti ṣì lọ́nà kò lóǹkà. Àròpọ̀ gbogbo thread (ọ̀nà iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú prosẹ́sọ̀) ni ó ń fi hàn yín. Ryzen 5 1600 ní thread méjìlá. Tí ọ̀kan bá kún dẹ́nu tí mọ́kànlá yòókù ń sùn, bíi 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni Task Manager máa kọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ géèmù ní thread kan pàtàkì tí gbogbo iṣẹ́ yòókù ń tẹ̀ lé. Tí ìyẹn bá ti kún, géèmù ò lè yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ì báà jẹ́ pé core ogún ló ṣẹ́kù. Torí náà, GPU ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe àròpọ̀ yẹn.

Ojú òpó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí n kọ orúkọ prosẹ́sọ̀ àti GPU mi, ó wá sọ iye tí prosẹ́sọ̀ fi ń dí GPU lọ́wọ́. Ṣé kí n gbà á gbọ́?

Ẹ má gbà á gbọ́. Kò mọ géèmù tí ẹ ń gbá, kò mọ ìwọ̀n àwòrán yín, kò mọ bí RAM yín ṣe rí. Prosẹ́sọ̀ kan náà lè pọ̀ jù fún EA FC kó sì kéré fún Dragon's Dogma 2.

FPS mi ga, ṣùgbọ́n géèmù ń já ní gbogbo ìgbà. Kí ló fà á?

FPS tí ẹ ń rí jẹ́ àròpín. Ẹ lè ní 80 ní àròpín kí férémù kan ṣì gba mílísẹ́kọ́ǹdù 60 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú yín á rí i, ọwọ́ yín á sì mọ̀ ọ́n. RivaTuner lè ya ìlà àkókò férémù fún yín, ó sì lè fi nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní 1% low hàn, ìyẹn bí géèmù ṣe ń ṣe nígbà tó bá burú jù. Prosẹ́sọ̀ àtijọ́ sábà máa ń kùnà níbẹ̀ kó tó kùnà nínú àròpín. Ní tèmi, ẹni tí 1% low rẹ̀ gòkè láti 28 sí 50 ti jèrè ju ẹni tí àròpín rẹ̀ lọ láti 90 sí 120.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe prosẹ́sọ̀ nìkan ló ń fa jíjá. RAM 8GB tó ti kún ń fà á. Disk onírin àtijọ́ náà ń fà á. Láti ìgbà àtúnṣe 2.0 ni Cyberpunk ti sọ pé SSD (disk ìgbàlódé tó yára) ni dandan. Àwọn géèmù kan sì wà tó ń já lórí kọ̀ǹpútà gbogbo ènìyàn, títí dé ti olówó.

Kí ni mo lè ṣe ná, tí kò ní ná mi lówó púpọ̀?

RAM ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tà ló ní ẹyọ RAM kan ṣoṣo nínú, ìdajì ọ̀nà tí dátà ń gbà sì ti dí nípa bẹ́ẹ̀. Ẹyọ 8GB méjì dára ju ẹyọ 16GB kan lọ. Lórí bọ́ọ̀dù (motherboard, pátákó tí àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń jókòó lé) oníhò mẹ́rin, ihò kejì àti ìkẹrin, tí ẹ bá kà á láti ọ̀dọ̀ prosẹ́sọ̀, ni wọ́n sábà máa ń fi wọ́n sí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wọ BIOS (ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó ṣí) kí ẹ wá XMP, sẹ́tíǹgì tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé iyara tí wọ́n kọ sí i lára. Lórí àwọn bọ́ọ̀dù ASUS kan fún AMD, DOCP ni wọ́n ń pè é. RAM DDR4 tí wọ́n kọ 3200 sí lára sábà máa ń sáré ní 2133 tàbí 2400 tí ẹ ò bá tan nǹkan yìí, àìmọye ènìyàn ló sì ti ń lò ó bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Lórí Ryzen àtijọ́, ó ṣe pàtàkì gan-an, torí iyara RAM ló ń darí ọ̀nà tí àwọn core fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú chip náà, ìyẹn prosẹ́sọ̀.

Ẹ wo ooru pẹ̀lú. Tó bá ti ń súnmọ́ 90 tàbí 95 lórí ìwọ̀n Celsius, prosẹ́sọ̀ á dín iyara ara rẹ̀ kù kó má baà jóná. Eruku ọyẹ́ nìkan tó láti dí fáànù pa. Ẹ fẹ́ ẹ dànù, ẹ nu paste (ọ̀rá tó wà láàárín prosẹ́sọ̀ àti fáànù) tó ti gbẹ kúrò, ẹ fi tuntun sí i.

Nínú géèmù fúnra rẹ̀, ẹ dín iye èrò kù (Cyberpunk ní sẹ́tíǹgì tirẹ̀ fún un), ẹ dín bí ojú ṣe ń ríran jìnnà tó kù, kí ẹ sì pa ray tracing (ìṣirò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn nínú géèmù). Ray tracing ń yọ prosẹ́sọ̀ náà lẹ́nu, kì í ṣe GPU nìkan. Ẹ fi texture (àwòrán tí wọ́n fi bo ara àwọn nǹkan inú géèmù) sílẹ̀ bó ṣe wà, torí iṣẹ́ GPU nìyẹn.

Mo tan DLSS tàbí FSR, síbẹ̀ FPS kò kúrò lójú kan. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. DLSS àti FSR ń dín ìwọ̀n àwòrán tí GPU ń yà kù, wọ́n á wá nà án padà. Ohun tí ìdánwò 720p wa ń ṣe gan-an nìyẹn. Tí FPS ò bá kúrò lójú kan, wọ́n ti fi hàn yín láìná kọ́bọ̀ pé prosẹ́sọ̀ ni.

Frame generation yàtọ̀ sí èyí. Ó ń fi férémù kún àárín férémù méjì láìbéèrè lọ́wọ́ prosẹ́sọ̀, nọ́ńbà á sì gòkè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín kò ní yára ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Tó bá ti lé ní 60 kí ẹ tó tan án, ó dùn ún lò. Tó bá jẹ́ 30, ẹ máa tẹ bọ́tìnì, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan ń pẹ́.

Ryzen 5 1600 tàbí 2600 ni mo ní. Ṣé ó tó àkókò?

Tí ìdánwò bá ti sọ pé prosẹ́sọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, inú mi sì dùn láti sọ ọ́, torí kò sí ẹni tí ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún tó ẹ̀yin tí ẹ ní bọ́ọ̀dù AM4 (orúkọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ihò tí prosẹ́sọ̀ yín ń wọ̀). Bọ́ọ̀dù tí ẹ rà ní 2017 tàbí 2018 lè gba Ryzen 5000, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá ti gbé BIOS rẹ̀ jáde. AMD kọ́kọ́ lọ́ tìkọ̀ lórí bọ́ọ̀dù ọdún 2017, irú B350 àti X370, ṣùgbọ́n ní 2022 wọ́n gbà. RAM yín, bọ́ọ̀dù yín, àpótí yín, gbogbo rẹ̀ ló ń dúró. Chip nìkan lẹ ń rà.

Ryzen 5 5600, tó jáde ní oṣù kẹrin 2022, ni mo máa ń dárúkọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Core mẹ́fà àti thread méjìlá ló ní, bíi ti 1600 gẹ́lẹ́, ìdí sì nìyí tí àwọn kan fi ń rò pé kò sí ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ wà. 1600 ń dé 3.6 GHz, 5600 ń dé 4.4. Bí GHz bá tiẹ̀ dọ́gba, 5600 ń parí iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Lékè gbogbo rẹ̀, core mẹ́fà ti 1600 pín sí ẹgbẹ́ méjì, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní cache (ìrántí kékeré tó yára nínú prosẹ́sọ̀) 8MB tirẹ̀. Tí ẹgbẹ́ kan bá nílò ohun tó wà lọ́dọ̀ ìkejì, ó gbọ́dọ̀ rìnrìn àjò. Lórí 5600, core mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló jọ ń lo 32MB kan náà. Géèmù fẹ́ràn èyí púpọ̀.

Ẹni tó bá ní mọ́nítọ̀ 144 Hz pẹ̀lú GPU tó lágbára, tàbí tó fẹ́ràn géèmù bíi Microsoft Flight Simulator àti Factorio, kó wá 5700X3D tàbí 5800X3D. Cache 96MB ló wà lórí wọn, àwọn géèmù yẹn sì ń jẹ cache bí ẹni jẹyọ̀. Kò sí fáànù nínú páálí wọn o, ẹ máa ra tiyín lọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n tí GTX 1060 tàbí RX 580 bá ṣì ni GPU yín, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ láìrí i pé GPU ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Ẹ ṣáà ṣe ìdánwò náà.

Ryzen 5 3600 ńkọ́?

Tí 60 FPS bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jókòó tì í. Ìran kan náà ló jẹ́ pẹ̀lú prosẹ́sọ̀ PS5, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń ṣe géèmù ò tíì kúrò lórí PS5.

Mo rí 5500, 5600, 5600G, 5600X. Ṣé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn?

5600 àti 5600X fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Ẹ má san owó gegere torí X yẹn. 5600G àti 5500 ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Cache 16MB ni wọ́n ní, ìdajì ti 5600, PCIe 3.0, ẹ̀dà àtijọ́ ti ọ̀nà tí prosẹ́sọ̀ fi ń bá GPU sọ̀rọ̀, ni wọ́n sì ń lò. 5600G wúlò fún ẹni tí kò ní GPU, torí ó lè fi àwòrán hàn fúnra rẹ̀. Ẹni tó ti ní GPU kò nílò rẹ̀. Lọ́dọ̀ Intel, F tó bá wà lẹ́yìn orúkọ, bíi i5-12400F, ń sọ pé chip náà kò lè gbé àwòrán jáde láìsí GPU.

Ìran keje Intel ni mo ní, i5-7400. Wọ́n ní kí n ra i7-8700 tòkunbọ̀, pé sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ni.

Ẹ má rà á. Orúkọ sọ́kẹ́ẹ̀tì bára mu, LGA1151 ni méjèèjì, ó tiẹ̀ máa wọlé. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù ìran kẹfà àti ìkeje kò gba ìran kẹjọ; bọ́ọ̀dù 300 series ni i7-8700 ń béèrè. Ibi tí bọ́ọ̀dù yín lè gbé yín dé ni i7-7700 tàbí 7700K, core mẹ́rin àti thread mẹ́jọ. Tí ẹ bá rí i ní owó pọ́ọ́kú, á dín jíjá kù. Tí ó bá wọ́n, kò tó owó rẹ̀, torí ẹ máa padà wá sídìí ìbéèrè yìí láìpẹ́.

Ẹni tó bá máa pààrọ̀ bọ́ọ̀dù pátápátá ní ọ̀nà méjì. AM4 tàbí LGA1700 (sọ́kẹ́ẹ̀tì Intel) oníDDR4 máa jẹ́ kí ẹ tọ́jú RAM yín. AM5, sọ́kẹ́ẹ̀tì AMD tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022, RAM DDR5 nìkan ló gbà, owó rẹ̀ sì ga, ṣùgbọ́n AMD ti ṣèlérí pé wọ́n á máa ṣe chip tuntun fún un títí di 2027 ó kéré tán. Tí owó bá wà, AM5 ni èmi máa fara mọ́.

Mo rí i9-13900K tòkunbọ̀ tí owó rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa. Ṣé kí n yára mú un?

Ẹ rọra. Ní 2024, Intel jẹ́wọ́ pé àwọn prosẹ́sọ̀ dẹ́skítọ́ọ̀pù ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá kan ń gba iná tó ga jù, ó sì ń bà wọ́n jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n gbé àtúnṣe microcode (ìlànà inú prosẹ́sọ̀) jáde, 0x129 àti 0x12B, nípasẹ̀ BIOS. Àtúnṣe náà ń dènà ìbàjẹ́ tuntun. Kò lè wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn. Chip tòkunbọ̀ tí ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe lò ó kí àtúnṣe yẹn tó dé lè máa ṣiṣẹ́ lójú yín ní ṣọ́ọ̀bù, kó wá máa pa géèmù lójijì lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ìran kejìlá, bíi i5-12400F, kò ní ìṣòro yìí.

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni mo ní, Dell OptiPlex oní i5-3470. Ṣé i7-3770 á gbé e dìde?

Fún géèmù àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Fún tuntun, rárá. Àwọn àṣẹ kan tó ń jẹ́ AVX2 wà tí àwọn géèmù tuntun kan ń béèrè. Intel fi wọ́n sí ìran kẹrin ní 2013, ìran kẹta kò ní wọn rárá. Irú géèmù bẹ́ẹ̀ kò tiẹ̀ ní ṣí. Power supply inú kọ̀ǹpútà irú èyí sì kéré, orí wáyà rẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé, tí GPU gidi ò fi ní rí ibi jókòó. Ẹ tọ́jú owó yín.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká ńkọ́?

Láti ìran karùn-ún Intel wá, wọ́n ti jó prosẹ́sọ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù ni. Kò ṣeé yọ. Ẹyọ RAM kejì, SSD, paste tuntun, kí ẹ sì máa fi í sí ṣájà nígbà tí ẹ bá ń gbá géèmù. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti pinnu láti ra 5600. Kí ni kí n ṣọ́ra fún nígbà tí mo bá fẹ́ fi í sí i?

BIOS ni àkọ́kọ́, chip àtijọ́ sì gbọ́dọ̀ ṣì wà lórí bọ́ọ̀dù nígbà tí ẹ bá ń ṣe é. Ẹ fi CPU-Z wo orúkọ bọ́ọ̀dù yín gan-an àti ẹ̀dà BIOS tó wà lórí rẹ̀, ẹ lọ sí ojú òpó ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ wo àkọsílẹ̀ àwọn prosẹ́sọ̀ tó gbà. Tí orúkọ chip tí ẹ fẹ́ ò bá sí níbẹ̀, ẹ má ṣe rà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe BIOS lórí iná NEPA lásán. Tí iná bá lọ láàárín kan, bọ́ọ̀dù lè kú pátápátá. Ẹ ṣe é lórí ínfátà tàbí UPS tí bátìrì rẹ̀ kún, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà.

Tí Windows yín bá ń lo BitLocker tàbí tó ti ti disk pa fúnra rẹ̀, ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà sílẹ̀ láti inú àkáǹtì Microsoft yín kí ẹ tó tú nǹkan kan. Pípààrọ̀ prosẹ́sọ̀ ń pààrọ̀ TPM (ẹ̀yà ààbò tó ń pa kọ́kọ́rọ́ mọ́) tó wà nínú rẹ̀, Windows á sì béèrè kọ́kọ́rọ́ yẹn.

Chip AM4 ní ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ lábẹ́. Paste tó ti gbẹ máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ fáànù, tí ẹ bá fà á sókè gán-ún, chip á bá fáànù jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ díẹ̀ kó gbóná, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná, ẹ wá yí fáànù lọ sọ́tùn-ún sósì jẹ́ẹ́jẹ́ kí ẹ tó gbé e. Igun tí wọ́n ya àmì onígun mẹ́ta sí lára chip gbọ́dọ̀ bá ti sọ́kẹ́ẹ̀tì mu. Ẹ gbé e lé e, kó wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ má tì í.

Báwo ni mo ṣe ń yẹ prosẹ́sọ̀ tòkunbọ̀ wò ní Computer Village?

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi í sórí bọ́ọ̀dù lójú yín kó tàn. Ẹ ka orúkọ rẹ̀ nínú BIOS, kì í ṣe lára irin rẹ̀, torí irin ṣeé yí padà. Ẹ yí chip AM4 padà sínú iná, kí ẹ wo àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tò gbọọrọ. Ẹ gba àdéhùn ọjọ́ ìdápadà, kí ó wà nínú rìsíìtì. Ẹni tí kò bá fẹ́ tan án fún yín ti dá yín lóhùn.

Ínfátà ni mo ń lò. Ṣé prosẹ́sọ̀ tuntun kò ní jẹ iná jù?

1600 àti 5600, 65W ni wọ́n kọ fún méjèèjì, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀. 5700X3D jẹ́ 105W. i9-14900K ni kí ẹ sá fún: 253W ló lè fà fún ara rẹ̀ nìkan, GPU kò tíì dé ibẹ̀. Tí ẹ bá fi òpin 60 sí FPS nínú RivaTuner, prosẹ́sọ̀ àti GPU á sinmi, bátìrì yín á sì pẹ́.

Ṣé á dín ping mi kù?

Kò ní dín in kù. Ping, ìyẹn àkókò tí ìsọfúnni fi ń lọ sí sáfà tó sì ń padà, jẹ́ ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì yín àti ibi tí sáfà wà.

Mo gbọ́ pé Windows 11 náà ń lé prosẹ́sọ̀ àtijọ́ dànù.

Òótọ́ ni. Microsoft dá ìrànlọ́wọ́ Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Windows 11 ń béèrè Ryzen 2000 sókè tàbí ìran kẹjọ Intel sókè, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, nítorí náà Ryzen 5 1600 àti i5-7400 kò sí lórí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Àwọn géèmù kan tún ń béèrè Secure Boot (ààbò ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn) àti TPM 2.0 lórí Windows 11, bíi Valorant. Ẹni tó bá ń gbá irú wọn lè ní ìdí láti pààrọ̀ chip bó tilẹ̀ jẹ́ pé FPS rẹ̀ dára.

Ìdánwò ní prosẹ́sọ̀ ni, ṣùgbọ́n owó kò tíì sí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ fi òpin sí FPS níbi tí prosẹ́sọ̀ yín lè dúró láìmì. Lórí mọ́nítọ̀ 60 Hz, 30 tó dúró ṣinṣin sàn ju 45 tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀ lọ. Lórí 120 Hz, ẹ gbìyànjú 40, torí 120 ṣeé pín sí 40 láìṣẹ́kù. Ẹ dín èrò kù, ẹ pa ray tracing, ẹ ti Chrome tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn.

Ẹ má sì ra géèmù lọ́jọ́ tó jáde. Cyberpunk ti ọdún 2020 kì í ṣe ẹgbẹ́ ti 2023, bẹ́ẹ̀ ni apá kẹta Baldur's Gate 3 gba àtúnṣe lẹ́yìn tó jáde. Tí owó bá wá pé, ẹ tún ìdánwò 720p ṣe ní òru ọjọ́ tó ṣáájú kí ẹ tó lọ sọ́jà. Ó ṣeé ṣe kí àtúnṣe kan ti gbé ẹrù náà kúrò lórí prosẹ́sọ̀, kó jẹ́ pé GPU lẹ máa fi owó yẹn rà.